Láàárín Ẹ̀tẹ̀ àti Làpálàpá: Ìtàn Orúkọ àti Ìtọ́jú Àrùn Sọráyásíìsì, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ìtumọ̀ tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí òwe yìí ni pé kò yẹ kí ènìyàn fi ọ̀ràn ńlá sílẹ̀ kí ó máa lé kékeré kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, a ó rí i pé ó ń sọ ohun mìíràn fún wa nípa ìmọ̀ ìṣègùn àwọn baba wa. Ó gbé àrùn awọ ara méjì lé orí òṣùwọ̀n kan. Ọ̀kan wà ní òkè téńté, èyí tí ó ń jẹ ọmọ ìka, tí ó sì ń lé ènìyàn kúrò láàárín ẹbí rẹ̀. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ìyá àgbà lè fi ewé pa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú iṣẹ́ yìí bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, òwe náà kò sì ní àyè fún un.

Àrùn náà ni àwọn dókítà ń pè ní psoriasis. A ó máa kọ ọ́ ní sọráyásíìsì títí a ó fi dé ibi tí a ó ti wá orúkọ fún un. Ó sábà máa ń yọ sí ìgúnpá, orúnkún, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti agbárí. Ojú rẹ̀ máa ń nípọn, ó máa ń ga ju awọ tí ó yí i ká lọ, etí rẹ̀ máa ń hàn kedere bí ẹni pé a fi ṣóòkì fa ìlà yí i ká. Ìpẹ́ funfun tàbí èyí tí ó dà bí eérú ni ó máa ń bò ó, tí yóò máa bọ́ sílẹ̀ lórí ẹní àti lára aṣọ. Ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà wá. Kì í ràn. A rọ òǹkàwé kí ó di gbólóhùn kúkúrú tí ó gbẹ̀yìn yìí mú ṣinṣin.

Ohun tí ó sún wa dé ìdí iṣẹ́ yìí kò ti inú ìwé wá. Obìnrin kan wà ní Okokomáíkò, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó ń dín àkàrà ní ẹ̀bá títì. Nígbà tí ìpẹ́ yìí bo ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì, tí ó sì yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń lo balùwẹ̀ kan náà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀. Ọdún méje ni ó fi ń ra oògùn làpálàpá. Ìgbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú, tí kò lè po ẹ̀wà mọ́, ni ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ ohun tí ń ṣe é. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá bi wá ni ó mú wa jókòó ti ìwé: “Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá? Kí n lè sọ fún wọn.” A ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá, a kò sì rí èsì fọ̀ fún un.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àìní orúkọ yìí kì í ṣe ẹ̀bi èdè wa nìkan. Yúróòpù pàápàá fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún pe àrùn yìí ní ẹ̀tẹ̀, wọ́n sì tún ṣì í mú fún làpálàpá. Ní gbogbo ibi tí orúkọ bá ti ṣì, ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń ṣì.

Àwọn orúkọ tí a bá nílẹ̀

Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ilẹ̀ ọ̀sà àti àbàtà, ilẹ̀ apẹja àti ilẹ̀ àgbọn. Títí di ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì fi là á kọjá ní àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ dé ọjà. Lẹ́yìn náà ni èrò ya wọ agbègbè náà: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, àwọn oníṣòwò Alábà fìdí múlẹ̀, ilé onírúurú ènìyàn sì kún Okokomáíkò. Ìdí tí a fi mẹ́nu ba èyí ni pé àrùn awọ ara kì í ṣe ohun àṣírí nínú ilé tí yàrá kọjú sí ara wọn, tí ìdílé púpọ̀ ń lo balùwẹ̀ kan. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ orúkọ àrùn níbẹ̀, kí dókítà tó sọ tirẹ̀.

Orúkọ tí Yorùbá ní fún àrùn awọ ara kò kéré. Làpálàpá wà, èélá wà, kúrúnà tí imí-ọjọ́ ń lé lọ wà, ẹ̀tẹ̀ sì wà. Àwọn àgbà kì í pe òmíràn lórúkọ rẹ̀ rárá: ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pe èyí tí Ṣọ̀pọ̀nná ń fà, nítorí ìbẹ̀rù. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sáàárín àwọn àrùn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ wo òwe adẹ́tẹ̀ tí ó ní bí òun kò bá lè fún wàrà, òun lè dà á nù. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ̀ dájú pé ẹ̀tẹ̀ ń mú ìka kú, tí ọwọ́ kò fi ní lè di nǹkan mú mọ́. Kì í ṣe ìpẹ́ ni ó fi dá a mọ̀, àìlágbára ọwọ́ ni. Ìmọ̀ yìí bá ti àwọn oníṣègùn òde òní mu, nítorí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ojú ibi tí ó bá yọ sí kì í sì í sábà mọ̀ bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un. Ti sọráyásíìsì yàtọ̀. Ó ń yún ẹni, ó ń ro ẹni, a sì ń mọ ọ́n lára bí a bá fọwọ́ kàn án.

Níbo wá ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé? Èrò tiwa ni pé àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí dín kù láàárín ìgboro, nígbà tí ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀tẹ̀, kò dín kù rárá. Ìwé kan sì wà tí ó bu epo sí iná ìbẹ̀rù náà láìmọ̀.

Bíbélì, Gíríìkì àti orúkọ tí ó ṣáko

Nígbà tí odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ takuntakun Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi túmọ̀ àrùn tí orí kẹtàlá ìwé Léfítíkù ń sọ. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì ti ṣe ṣáájú wọn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka orí náà pẹ̀lú ojú inú, a ó rí i pé àrùn ibẹ̀ lè wà lára aṣọ, orí kẹrìnlá sì sọ pé ó lè wà lára ògiri ilé. Síwájú sí i, ẹni tí àrùn náà bá bo gbogbo ara rẹ̀ tí ó sì funfun, mímọ́ ni àlùfáà ń pè é. Kò sí ẹ̀tẹ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀, tzaraat, jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún oríṣiríṣi àbàwọ́n ara, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tí a ń sọ yìí wà lára wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Àwọn tí wọ́n tú Bíbélì sí Gíríìkì láyé àtijọ́ pe tzaraat ní lepra. Ìpẹ́ ni ìpìlẹ̀ lepra ní Gíríìkì, ohun tí ó ń bó tí ó sì ń ya bí èèpo. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì kò lo ọ̀rọ̀ náà fún àrùn tí ń jẹ ìka. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, nígbà tí wọ́n ń tú àwọn ìwé ìṣègùn Lárúbáwá sí Látìnì ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n fi lepra kan náà túmọ̀ àrùn tí ń jẹ ìka. Láti ìgbà náà ni orúkọ onípẹ̀ẹ́ àti orúkọ ẹ̀tẹ̀ ti di ọ̀kan. Onísọráyásíìsì mélòó ni wọ́n ti lé kúrò nílé ní Yúróòpù nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí? Kò sí ẹni tí ó kà wọ́n.

Kódà nígbà tí Robert Willan, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ́nù, ṣàpèjúwe àrùn náà dáradára ní 1808, ó ṣì fi orúkọ lepra mọ́ apá kan nínú rẹ̀. Ìgbà tí ó di 1841 ni Ferdinand von Hebra ní ìlú Vienna yọ orúkọ ẹ̀tẹ̀ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, tí ó sì fi psoriasis nìkan sílẹ̀. Psora, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó ti wá, kò ju ara yíyún lọ. Ní 1873, Armauer Hansen ní Norway rí kòkòrò tí ó ń fa ẹ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún wé ọdún: Bíbélì wa jáde ní ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn tí Hebra ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìyapa náà kò bá ọkọ̀ àwọn ìwé tí ó dé Èkó wá.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ìtàn ẹ̀tẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n dá àgọ́ Uzuakoli sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn ní 1932, ibẹ̀ ni John Lowe sì ti dán oògùn dapsone wò ní ìparí àwọn ọdún 1940, iṣẹ́ tí gbogbo ayé jẹ àǹfààní rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àpapọ̀ oògùn mẹ́ta ti ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá. Ohun ìyanu ni pé àrùn tí ó ní ìwòsàn ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù, èyí tí kì í ràn rárá sì ń jìyà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àsùnwọ̀n òyìnbó àti ẹ̀bu Bahia

A ti sọ ti ẹ̀tẹ̀. Ó ku ti làpálàpá, ibẹ̀ ni ìtàn náà sì ti dùn jù.

Kò sí ilé àgbà kan ní agbègbè Ọ̀jọ́ tí a kò ti mọ ewé àsùnwọ̀n òyìnbó. Wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi ra ojú làpálàpá, òmíràn ń pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú. Orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí pé àwọn baba wa mọ̀ pé ó ti ẹ̀yìn òkun wá. Ilẹ̀ olóoru ti Amẹ́ríkà ni igi náà ti ṣẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Lára èròjà tí àwọn onímọ̀ ti rí nínú ewé náà ni chrysophanol, èròjà aláwọ̀ òféèfèé tí ó máa ń kun aṣọ.

Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá lọ lóko ẹrú, igi mìíràn wà tí ń jẹ́ araroba. Ẹ̀bu kan máa ń wà nínú ihò igi náà, òféèfèé nígbà tí ó bá tutù, tí ń dúdú bí ó bá pẹ́. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Potogí ń kó ẹ̀bu yìí lọ sí Goa ní Íńdíà láti fi pa làpálàpá, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n ti ń rí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íńdíà rà á títí, wọ́n ń pè é ní ẹ̀bu Goa, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti hù. Ẹni tí ó tú àṣírí náà ní 1875 ni José Francisco da Silva Lima, dókítà kan ní Salvador, olú-ìlú Bahia, tí ó fi hàn pé araroba ilé wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ níbí, nítorí orúkọ ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ kọjá lásán lọ́dọ̀ ẹni tí ń kọ́ èdè Yorùbá. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe, ní 1867, àrùn kan tí ń fi òrùka yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kékeré ká títí yóò fi já. Ainhum ni ó pè é, orúkọ náà ni gbogbo ayé sì ń lò títí di òní. Ẹnu àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n wà ní Bahia ni ó ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jẹ mọ́ fífi ayùn gé nǹkan ni. Ẹ̀rí nìyí pé èdè wa ti fi orúkọ kan sínú ìwé ìṣègùn àgbáyé rí, láti ẹnu àwọn tí kò ní òmìnira ara wọn.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ní 1876, Balmanno Squire, dókítà awọ ara ní Lọ́ńdọ́nù, rí aláìsàn kan tí ó ní sọráyásíìsì ṣùgbọ́n tí ó gbà pé làpálàpá ni. Aláìsàn yìí fúnra rẹ̀ ra ẹ̀bu Goa, ó fi para, ìpẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Squire yẹ̀ ẹ́ wò, ó dán an wò lára àwọn mìíràn, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1878. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè gbé ẹ̀bu náà dé Jámánì mọ́, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe èyí tí ó jọ ọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ní 1916. Oògùn náà, dithranol, wà lára ìtọ́jú àrùn yìí títí di òní.

Bí a bá rò ó dáadáa, àṣìṣe tí aláìsàn Lọ́ńdọ́nù ṣe kò yàtọ̀ sí ti obìnrin alákàrà wa. Àwọn méjèèjì pa sọráyásíìsì bí ẹni ń pa làpálàpá. Ti ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí iwájú dókítà tí ó béèrè ìdí. Ti èkejì kò bọ́ sí iwájú ẹnikẹ́ni fún ọdún méje.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí já ewé àsùnwọ̀n lọ fi pa sọráyásíìsì o. Èròjà inú ewé náà àti ti araroba jẹ́ ẹbí, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Dithranol gan-an máa ń jó ara bí a kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa. Ọ̀ràn mìíràn tún wà. Kí wọ́n tó fi ewé pa làpálàpá, wọ́n sábà máa ń fi kànhìnkànhìn ha ojú rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn a sì sín gbẹ́rẹ́ yí i ká. Heinrich Köbner, oníṣègùn ará Jámánì, ti ṣàlàyé láti 1872 pé ibi tí ara onísọráyásíìsì bá ti bó tàbí tí a bá ti gé e, àrùn náà lè yọ síbẹ̀ ní tuntun. Ohun tí ó dára fún làpálàpá ni ó ń gbin èkejì.

Chloroquine, ọ̀rá inú ike àti ọ̀nà ilé-ìwòsàn

Nígbà tí àwọn ilé-ìwòsàn ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, UCH ní Ìbàdàn ní 1957 àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà awọ ara ṣàkíyèsí pé sọráyásíìsì kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ti ilẹ̀ Yúróòpù. Leder àti Farber kó àwọn ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà jọ ní 1997, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ju ìwọ̀-oòrùn lọ. Oòrùn nìkan kò lè jẹ́ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn níbí, kò fi bẹ́ẹ̀ ní i bí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń gbé, bẹ́ẹ̀ òtútù kan náà ni wọ́n jọ ń fara gbá. Ó jọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àìwọ́pọ̀ yìí ní ewu tirẹ̀: òṣìṣẹ́ ìlera tí kò rí i rí kò ní dá a mọ̀. Àwòrán inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ, awọ funfun ni ó wà níbẹ̀, ojú àrùn náà sì pupa. Lára wa kì í pupa. Ó máa ń dúdú ju ara lọ tàbí kí ó rí bí èsè àlùkò, bí ó bá sì lọ, a máa fi àpá sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kan ilẹ̀ àbàtà bíi tiwa. Ibà kì í jìnnà sí ibi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, chloroquine sì ni gbogbo ilé fi ń lé ibà títí di 2005, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà padà sí èyí tí a pò mọ́ artemisinin. Gbogbo wa ni a rántí bí chloroquine ṣe ń yún ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó lè ru sọráyásíìsì sókè. A kò lè mọ iye ènìyàn tí ó gbé oògùn ibà mì ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà tí ìpẹ́ sì bo gbogbo ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ní ayé ni ó ń ṣe àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè ṣe, àti àrùn ọ̀nà ọ̀fun, pàápàá lára ọmọdé.

Èyí tí ó burú jù lójú tiwa kò ti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ wá. Ọ̀rá inú ike kékeré ni, tí wọ́n ń tà káàkiri láìsí ìwé dókítà, èyí tí wọ́n po oògùn kòkòrò, oògùn làpálàpá àti sítẹ́rọ́ìdì líle pọ̀ sí. Láti 1952 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sítẹ́rọ́ìdì pa ara ni ó ti di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń mú sọráyásíìsì rọlẹ̀, bí dókítà bá ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó ra ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ara rẹ̀ dán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Yóò yọ̀. Yóò fi í sílẹ̀, àrùn náà yóò sì padà wá ju ti ìṣáájú lọ. Yóò tún rà á, awọ rẹ̀ yóò máa fẹ́lẹ́ sí i. Obìnrin alákàrà náà sọ fún wa pé òun kò ka iye ike tí òun rà. Àwọn kan sì ń fi ọ̀rá kan náà bóra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹn tó ìwé tirẹ̀.

Ohun tí àrùn náà jẹ́ gan-an

Ìmọ̀ òde òní sọ pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà, ni wọ́n ṣì awọ ara mú fún ọ̀tá. Awọ tí ó yẹ kí ó gba nǹkan bí oṣù kan kí ó tó hù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, yóò hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kò rí àyè bọ́ dáadáa, ni ó bá ń gbá jọ di ìpẹ́. A lè jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jogún rẹ̀ ni yóò yọ lára. Kì í ṣe awọ nìkan ni ó sì ń mọ sí. Èékánná lè ní ihò tíntìntín bí ojú abẹ́rẹ́. Oríkèé lè wú kí ó sì daṣẹ́ sílẹ̀. Èyí ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní làkúrègbé, tí wọ́n ń wá oògùn rẹ̀ lọ́tọ̀, láìmọ̀ pé ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì.

Kò tíì sí oògùn tí ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tí ń mú un rọlẹ̀ pọ̀. Ọ̀dà tí a yọ láti ara èédú ti wà tipẹ́. William Goeckerman pò ó pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ní Amẹ́ríkà ní 1925. Methotrexate wà fún èyí tí ó bá le, dókítà yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò bí aláìsàn bá ń lò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn abẹ́rẹ́ tuntun ti dé, tí ń dá ọwọ́ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró ní tààràtà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè san owó wọn lọ́dọ̀ wa. Kí aláìsàn tó dé ibẹ̀, ohun tí ó wà nílé náà wúlò: òrí àti àdí àgbọn, tí agbègbè Àgbádárìgì kò ṣe aláìní rẹ̀, ń mú kí ìpẹ́ rọ̀ kí ó sì bọ́ láìfi agbára ha á. Nínú ohun gbogbo tí àṣà wa fi ń tọ́jú awọ, ìwọ̀nyí ni dókítà kò ní bá wa jiyàn lé lórí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹnu kò ní oṣù karùn-ún 2014 pé àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í ràn ni sọráyásíìsì, tí ó ń dun ènìyàn tí ó sì ń ba ìrísí jẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn ìjọba gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń ya àwọn tí ó ní i. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 ní àwọn tí ó ní i káàkiri ayé kò dín ní 100 mílíọ̀nù. Báwo ni a ó ṣe gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ yìí ní Okokomáíkò láìní ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ orúkọ

A gbé ìbéèrè obìnrin náà lọ sí kíláàsì. Àwọn kan ní kí a yá ọ̀rọ̀ òyìnbó náà lò, kí a sì fi ohùn Yorùbá sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Èyí dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó bá gbọ́ “sọráyásíìsì” yóò kàn rò pé ẹ̀tẹ̀ òyìnbó ni. Àwọn kan dábàá “làpálàpá àìràn”. A kò fara mọ́ ọn, nítorí ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé orúkọ àrùn kan lára òmíràn ni ó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìdílé rẹ̀ ń pẹja ní Ọ̀jọ́ ní kí a pè é ní àrùn ìpẹ́. Ó dùn mọ́ wa, pàápàá nítorí pé ìpẹ́ náà ni ó wà nínú lepra kí ó tó ṣáko.

Ó mú orúkọ yìí lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó ti ń ta ẹja láti kékeré. Màmá gbọ́ àlàyé rẹ̀ tán, wọ́n ní kò tíì pé. Wọ́n ní ìpẹ́ ẹja, bí a bá ti họ ọ́ kúrò, ó ti tán nìyẹn, ẹja náà ti di ti ìkòkò. Èyí tí ọmọ ń sọ yìí, ń ṣe ni a ń họ ọ́ tí ó tún ń hù. Ìpẹ́ àhọtúnhù ni wọ́n pè é. A ti sọ ọ́ fún obìnrin alákàrà náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè bóyá a lè kọ ọ́ sí páálí fún òun, pẹ̀lú “kì í ràn” lábẹ́ rẹ̀, kí òun gbé e kọ́ ibi tí òun ti ń dín àkàrà.